Koríko Gígé ní Zaria: Láti Ìgbà Lauje dé Ìgbà Ẹ̀rọ Alẹ́ńjìnnì

Àkókò òjò kan ṣoṣo ni Zaria ní lọ́dún. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, á pọ̀ jù lọ ní oṣù Kẹjọ, á sì dá ní oṣù Kẹwàá. Omi tó ń rọ̀ láàárín àsìkò náà tó nǹkan bíi 1,000 mílímítà, ara koríko sì ni agbára omi yìí ti ń hàn jù. Gàmbá tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin ọkà lè ti bo àgbàlagbà mọ́lẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, iná á sì gbà á. Ìtàn koríko gígé ní ìlú yìí, láti orí irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ títí dé orí ẹ̀rọ alẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká lóde òní, kò ṣeé sọ láìmẹ́nu ba àsìkò méjèèjì yìí: oṣù tí koríko ń hù, àti oṣù tí irinṣẹ́ ń sinmi.

Kí ìjọba òyìnbó tó dé, koríko kì í ṣe ìdọ̀tí ní Zaria. Ọrọ̀ ni. Gàmbá ni wọ́n fi ń hun zana, ìyẹn ẹní gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń nà yí agboolé ká gẹ́gẹ́ bí ọgbà. Koríko ni wọ́n fi ń bo ahéré, òun náà sì ni oúnjẹ ẹṣin. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni Zaria, nítorí orí ẹṣin ni agbára ìjọba Zazzau, ìyẹn ìjọba Zaria, dúró lé láyé ogun, ẹṣin náà ni àwọn ìjòyè sì ń gùn wá kí Ẹ́míà lọ́jọ́ ọdún títí di òní. Ẹṣin kan kì í fi koríko díẹ̀ yó, nítorí náà iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ àwọn tó ń gé koríko tútù láti inú pápá wá sí ìlú lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n fi ń gé e ni lauje, ọ̀bẹ tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú ń rọ. Ẹni tó ń lò ó á fi ọwọ́ kan di ìdì koríko mú, á fi ọwọ́ kejì fa lauje mọ́ra. Koríko kì í ṣòfò, kì í sì í fọ́nká, ìdì ni ó ń jáde ní ìdì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá náà nìyẹn. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń gbé koríko ìbolé wá sí ààfin, ẹ̀bùn koríko yẹn sì jẹ́ àmì pé wọ́n gbà pé Aláàfin ni olórí. Níbi tí koríko bá ti jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ronú ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ dànù.

Ohun tó yí ipò koríko padà ní Zaria ni ẹ̀fọn. Ní 1897 ni dókítà Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ara ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ti ń dàgbà, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Lugard, alákòóso ìjọba òyìnbó ní Àríwá, sì wọ Zaria. Àwọn dókítà ìjọba ń kọ́ àwọn òyìnbó pé koríko gíga ni ẹ̀fọn ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, pé ejò náà ń bẹ níbẹ̀, àti pé ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń gbé. Nínú òfin ìgboro tí Lugard ṣe ní 1917, yáàdì 440 ni àlàfo tí wọ́n ní kí ó wà láàárín àdúgbò méjèèjì. Ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ di igbó: ẹnì kan ní láti máa gé e. Báyìí ni koríko ṣe di ọ̀tá tí wọ́n ń sanwó láti gé, tí wọ́n sì ń dà nù. Ẹ̀yà àti àwọ̀ ni wọ́n fi pín ilẹ̀, koríko gígé ló sì ń jẹ́ kí ojú rí ìpín náà. Kò yẹ kí a gbàgbé ìyẹn nígbà tí a bá ń yin ẹwà pápá àdúgbò ìjọba.

Ojú irin tó wá láti Baro dé Zaria ní nǹkan bí 1911 kí ó tó dé Kánò. Ní 1914, ojú irin tín-ín-rín tó ń lọ sí Bukuru lórí òkè Jos náà parí. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní láti mọ́, nítorí iná ìgbẹ́ àti nítorí kí awakọ̀ lè rí iwájú, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀nà ló sì ń gé e láti òpó dé òpó. Pẹ̀lú ojú irin ni Sabon Gari dé, àdúgbò tí Yorùbá, Ígbò àti àwọn àlejò mìíràn ń gbé. Àwọn aláyẹ̀wò ìmọ́tótó ń wọlé wò níbẹ̀, Haúsá ń pè wọ́n ní duba-gari, Yorùbá ní wolé-wolé. Bí wolé-wolé bá bá igbó lẹ́yìn ilé, owó ìtanràn ni. Ní Samaru, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, òun náà sì ní pápá ìdánwò tí ó gbọ́dọ̀ mọ́ láti ẹ̀bá dé ẹ̀bá.

Irinṣẹ́ tó bá àsìkò yìí mu ni láńgáláńgá. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó gùn tó apá, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ lékeléke, ẹnu rẹ̀ sì mú. Wọ́n á fi aṣọ tàbí rọ́bà inú táyà wé ìdí rẹ̀ kí ó má baà bó ọwọ́. Ẹni tó ń lò ó á tẹ̀ ba, á fi ọwọ́ òsì lé ẹ̀yìn tàbí orí eékún, á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú lọ, jù ú bọ̀. Koríko kì í ṣubú ní ìdì bíi ti lauje, ńṣe ló ń fò káàkiri. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò kéré rárá: lauje ń kórè, láńgáláńgá ń pa. Láti Zaria títí dé Èkó, ìran akẹ́kọ̀ọ́ kò sí tí kò mọ láńgáláńgá. Ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, àti ìjìyà ọmọ tó pẹ́ dé, pápá ni wọ́n ń ṣe é. Àmì rẹ̀ ni ìléròó tó máa ń wú ní ìsàlẹ̀ ìka ìfábẹ̀lá lọ́jọ́ kìíní.

Ní oṣù Kẹwàá 1962 ni wọ́n ṣí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ yunifásítì náà tó nǹkan bíi 7,000 hẹ́kítà. Oko ìwádìí àti ẹ̀bá ọ̀nà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pápá tó yí ilé ìwé, ilé ìgbé àti ilé ìwòsàn ká nìkan tó láti fún ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ ní gbogbo àsìkò òjò. Tírákítọ̀ tó ń fa ẹ̀rọ ìgékoríko lẹ́yìn ló wà fún pápá gbàgede. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń tì ló wà fún iwájú ilé. Ibi tí kò sí èyí tó lè dé nínú wọn ni ìdí igi, ẹ̀bá gọ́tà, ẹsẹ̀ ògiri, orí òkìtì àti àárín òkúta. Ibẹ̀ ni láńgáláńgá ṣì jọba fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé ogun tako ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ dìde ní 1984, tí Sátidé ìmọ́tótó sì wọlé tọ̀ ọ́, gbogbo ilé tún ra láńgáláńgá àti àdá.

Ẹ̀rọ tó wá gba ìdí igi lọ́wọ́ láńgáláńgá, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1971, George Ballas, ọkùnrin kan ní Houston ní Amẹ́ríkà tó ti fi ijó kíkọ́ ṣe iṣẹ́ ajé, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì onínáílọ́ọ̀nù ń yí, tó ń fọ̀ ọ́. Ó rí i pé okùn búrọ́ọ̀ṣì náà na ṣánṣán bí ó ti ń yí, síbẹ̀ kò ha ọ̀dà ọkọ̀. Nígbà tó délé, ó lu agolo gúgúrú ní ihò, ó ki okùn ìpẹja bọ̀ ọ́, ó sì dè é mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Koríko já, ara igi kò bó. Ó pè é ní Weed Eater, ó sì ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún Emerson Electric ní 1977. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ṣeé fojú rí: okùn rírọ̀ tó bá ń yí ní ìgbà 6,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan á le bí irin, ṣùgbọ́n bí ó bá kọlu ògiri, òun ló máa jẹ, ògiri kò ní jẹ.

Iná mànàmáná ló ń yí púpọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó máa jáde kúrò nítòsí wáyà nílò ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì two-stroke sì ni ó bá a mu. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Dugald Clerk, ló gba ìwé àṣẹ ẹ́ńjìnnì two-stroke ní 1881. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Joseph Day ní Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú un rọrùn sí i: ó jẹ́ kí abẹ́ písítìnnì fúnra rẹ̀ máa fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí ọ́ìlì ń jókòó sí. Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ epo bẹntiróòlù ló ń kọjá lára gbogbo ohun tó ń yí, kí ó tó lọ jó. Ohun tó jẹ́ àléébù nínú mọ́tò wá di oore nínú ẹ̀rọ ìgékoríko, nítorí ẹni tó ń gé koríko á tẹ ẹ̀rọ síwájú, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á délẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jókòó nínú ọpọ́n ì bá ti sá kúrò níbi tó yẹ kó wà. Kábúrétọ̀ pẹ̀lú yí padà. Dípò igbá epo tó ní ohun tó ń léfòó, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń mí sókè mí sódò tó ń fa epo, bí wọ́n ṣe ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ lára ẹ̀rọ ìgégi. Bí ẹ̀rọ bá dorí kodò, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà yẹn, tí kò nípọn ju ìwé lọ, ni yóò padà wá di ibi tí ẹ̀rọ ti ń kú ní Zaria.

Ìmọ̀ nípa epo àpòpọ̀ ti dé Zaria kí ẹ̀rọ ìgékoríko tó dé. Vespa ló kọ́kọ́ mú un wá, alùpùpù tí ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé jáde ní 1946, tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé Nàìjíríà fẹ́ràn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Àwọn Vespa ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ń lo ọ́ìlì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún epo, àwọn tó tẹ̀lé e sì dín in kù sí ìdá méjì. Lẹ́yìn Vespa ni Yamaha RX100 àti Suzuki AX100 dé, lẹ́yìn wọn ni Jincheng láti Ṣáínà, tó jọ AX100 bí ìbejì, tó sì di ẹṣin àwọn oní-achaba, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ní gbogbo Àríwá. Àwọn wọ̀nyí ní ọpọ́n ọ́ìlì tiwọn àti pọ́ǹpù kékeré tó ń fún un sínú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹni tó ń gùn wọ́n lè gbàgbé ìpò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré Tiger TG950 ló tún dá ọwọ́ ìpò padà sí inú ilé: ẹ́ńjìnnì two-stroke kan tí kò ju sìlíńdà 63 cc lọ, tó ń fúnni ní wáàtì 650, tí àwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour". Obìnrin aránṣọ tó ní i ní Sabon Gari mọ̀ pé epo láìsí ọ́ìlì kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ ìgékoríko ti Ṣáínà di ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká ní ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí.

Ohun tó ń dárúkọ irú ẹ̀rọ wọ̀nyí wà lára wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin sìlíńdà: 1E40F tàbí 1E44F. Kíkà rẹ̀ kò le. 1 ni iye sìlíńdà. E ni two-stroke. 40 tàbí 44 ni fífẹ̀ ihò sìlíńdà ní mílímítà. F sì fi hàn pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Èyí àkọ́kọ́ tó nǹkan bíi 43 cc, èkejì tó 52 cc. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà ló ń ṣe wọ́n, orúkọ àti àwọ̀ ìdérí nìkan ló sì ń yàtọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè ra písítìnnì, ríìngì tàbí kábúrétọ̀ láìbéèrè orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Mẹkáníìkì alùpùpù ni ó kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko lọ títí di báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìpò ọ́ìlì ló yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni òye àtijọ́ ti ń ranni lọ́wọ́, tí ó sì tún ń ṣini lọ́nà. Ìwé tó bá ẹ̀rọ 1E40F wá sábà máa ń sọ pé ìpín kan ọ́ìlì sí márùndínlọ́gbọ̀n epo, ìyẹn mílílítà 40 fún lítà kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 á gba lítà ọ́ìlì kan géérégé. Agolo mílíìkì kékeré, tó ń gba nǹkan bíi mílílítà 160, máa tó fún gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin. Ìṣirò yìí rọrùn débi pé kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó máa fi ojú wọ̀n ọ́ìlì, síbẹ̀ ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọrí ike kan, a fún un sí i, a tún fún un sí i. Àwọn mìíràn ń lo ìṣirò ìdá kan sí àádọ́ta tí wọ́n kọ́ lára jẹnẹrétọ̀, èyí tó dára fún ọ́ìlì two-stroke gidi nínú ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó kéré jù fún ọ́ìlì mọ́tò lásán.

Bí ọ́ìlì bá kéré jù, ẹ̀rọ kì í kìlọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Á máa sáré dáadáa, ohùn rẹ̀ á túbọ̀ rinlẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra falẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, á sì dákẹ́. Bí wọ́n bá fa okùn rẹ̀, kò ní lọ: písítìnnì ti lẹ̀ mọ́ sìlíńdà. Bí mẹkáníìkì bá tú sàlẹ́ńsà, tó yọjú sínú ihò èéfín, ó máa rí ìlà tó fa ara písítìnnì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ ológbò ha aṣọ. Ìyẹn kò ṣeé wò sàn. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, á tutù, èéfín á bo ojú ẹni tó ń gé koríko, ihò èéfín á di, àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà á kún fún èédú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọ́ìlì àpọ̀jù náà ń gba àyè epo, epo tó ń jó á sì dín, ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ti yẹ lọ. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó rẹ̀ díẹ̀ ni àwọ̀ púlọ́ọ̀gì tó dára. Dúdú olómi kò dára, funfun kò dára.

Irú ọ́ìlì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ilé ìfọpo Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, kò jìnnà ju nǹkan bíi 80 kìlómítà sí Zaria, ó sì ní ẹ̀ka tó ń ṣe ọ́ìlì pẹ̀lú. Ọ́ìlì tó pọ̀ ní ọjà nígbà yẹn, títí di òní, ni ti mọ́tò. Wọ́n pèsè rẹ̀ láti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe láti jó. Eérú tó wà nínú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ orí písítìnnì. Ọ́ìlì two-stroke ni wọ́n ṣe láti jó tán, ilé-iṣẹ́ ìdiwọ̀n ní Japan sì ti ń fi ipele FB àti FC pín wọn láti 1994. Àwọ̀ búlúù tàbí pupa tó wà nínú rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ẹni tó bá wo inú kẹ́ẹ̀gì á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n ti po epo náà tàbí wọn ò tíì pò ó.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, inú oko kọ́ ni ẹ̀rọ ìgékoríko ti ń kú jù ní Zaria. Inú yàrá ẹrù ni. Ní Ìbàdàn, òjò ń rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró pẹ́. Ní Zaria, oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni wọ́n ń gbé e kọ́ ògiri, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún. Ní gbogbo ìgbà yẹn, epo tó kù nínú rẹ̀ ń gbẹ. Bẹntiróòlù fẹ́rẹ́ á fò lọ, ọ́ìlì àti oje á ṣẹ́ kù sínú ihò kábúrétọ̀ tí kò tó ojú abẹ́rẹ́. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, tí ó yẹ kó máa mí, á le bí awọ gbígbẹ. Okùn epo tó wà nínú táǹkì á sán. Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí koríko bá yọ, wọ́n á da epo tuntun sí i, wọ́n á fa okùn títí apá á fi ro wọ́n, ẹ̀rọ á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún dákẹ́. Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lásán.

Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò ní fa okùn rárá. Á kọ́kọ́ tẹ rọ́bà kékeré olójú bí ìléròó tó wà lábẹ́ kábúrétọ̀, tí wọ́n fi ń fa epo gòkè. Bí ìléròó náà bá wọlé tí kò padà, ó ti mọ ibi tí àrùn wà. Á tú ìdè mẹ́rin, á yọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, á gbé e súnmọ́ etí, á fi ìka gbọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ń dún bíi bébà ti kú. Èyí tó bá dákẹ́ ṣì ní ẹ̀mí. Á fi epo mímọ́ fọ ihò, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò ní fi wáyà ki i, nítorí wáyà lè mú ihò náà fẹ̀, ìwọ̀n epo á sì bàjẹ́ títí láé. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju wákàtí kan lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ní oṣù Kẹwàá ì bá sì ti gba ẹlẹ́rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó da epo jáde, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ó tú púlọ́ọ̀gì, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà, kí ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì kí ọ́ìlì náà lè tàn kárí, kí ó tó gbé e kọ́. Epo àpòpọ̀ tó bá kù nínú kẹ́ẹ̀gì, alùpùpù two-stroke lè mu ún.

Ọyẹ́ ní ìyà tirẹ̀ fún àwọn tó ṣì ń lo ẹ̀rọ láti gé koríko gbígbẹ ṣíwájú iná ìgbẹ́. Eruku tó ń gba aṣálẹ̀ wá fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun, bí ó bá bá ọ́ìlì pàdé nínú sìlíńdà, ó di ohun tí wọ́n fi ń lọ irin. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi ọṣẹ fọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́ nígbà náà, kí ó gbẹ, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì díẹ̀ kún un. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò kí ẹ̀rọ lè "mí" dáadáa. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í rí ọdún kejì. Okùn náílọ́ọ̀nù pàápàá ń mọ ọyẹ́ lára. Náílọ́ọ̀nù ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Zaria bá bọ́ sílẹ̀ kọjá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, okùn á gbẹ, á máa ṣẹ́ ní ìdí bí igi ìṣáná. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á rì í sínú korobá omi mọ́jú, á sì padà yi bíi tuntun.

Ilẹ̀ Samaru tún ní òkúta wẹ́wẹ́ pupa tó le. Ẹni tó bá fi abẹ irin dípò okùn láti gé gàmbá tó ti yi, tàbí kí ó fi kórè ìrẹsì bí àwọn àgbẹ̀ kan ti ń ṣe ní Àríwá, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé abẹ tó bá òkúta pàdé ń fi gbogbo agbára náà ránṣẹ́ sókè sí gíà ìsàlẹ̀ àti ọ̀pá. Gíà náà ní ìdè kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún gírísì sí i lẹ́yìn bí ogún wákàtí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rọ kò tú ìdè yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ. Ìpẹ́pẹ́ irin tó yí sìlíńdà ká pẹ̀lú ń kún fún koríko tútù tó gbẹ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ kò wá rí àyè kọjá láti tù ú. Búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìfọyín tó fún un. Ìbọ̀wọ́, bàtà tó bo ìka, àti ohun tó bo ojú kò ṣeé fi ṣeré, nítorí okùn tó ń yí lè ju òkúta dé ojú ẹni tó dúró jìnnà.

Ilé-iṣẹ́ Ryobi gbé ẹ̀rọ ìgékoríko four-stroke jáde ní 1994, Honda sì tẹ̀lé e ní 1997 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré tó lè ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. Òfin afẹ́fẹ́ ní California ló ń tì wọ́n, nítorí two-stroke máa ń tú apá kan epo rẹ̀ jáde láìjó. Irú ẹ̀rọ four-stroke bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà Nàìjíríà, kò nílò ìpò, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ohun èèlò rẹ̀ kò sì tètè wà níbi tí ti 1E40F wà. Ní Zaria, ohun tó ń pinnu ẹ̀rọ tí èèyàn máa rà ni ohun tí mẹkáníìkì tó wà ní òpópónà lè rí ra ní ọjà lọ́la. Àwọn tó ń bọ́ ẹṣin kò tíì fi lauje sílẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ oní-okùn kan tó ń gé koríko ní ìdì, ẹṣin kì í sì í jẹ koríko tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ tó ń rùn epo.